Máìkì dé ọ̀dọ̀ mi níbi mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, mi ò mọ ohun tí máa pe ara mi

Àdùkẹ́_Ìjẹ̀bú
Ọjọ́ Àìkú, 9:40 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Láti àná ni ọ̀rọ̀ kan ti há mi lọ́fun. Mi ò lè bá ẹni tó mọ̀ mí sọ ọ́, ni mo ṣe gbé e wá síbí.

Àná la ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ àbúrò mi obìnrin n'Íjẹ̀bú-Òde. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Nígbà tí àwọn àna dọ̀bálẹ̀ tán, alága ní kí mọ̀lẹ́bí wa máa dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, kí kálukú dárúkọ ara rẹ̀ kó sì sọ ohun tó ń ṣe, "kí àwọn àna wa lè mọ̀ pé kì í ṣe ilé ọ̀lẹ ni wọ́n wá." Máìkì gbéra. Ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin: ẹnjiníà. Ìyàwó rẹ̀: nọ́ọ̀sì. Àǹtí wa kan tó ti Dublin wálé: apòògùn, ó sì fi orúkọ ibi tó ti ń ṣe é kún un. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ní òun máa ka òfin. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún òun náà, fún ohun tí kò tíì ṣe.

Ó kàn mí. Mo ní, "Àdùkẹ́ lorúkọ mi. Èmi ni ìyàwó tẹ̀ lé." Ẹnu mi dákẹ́ síbẹ̀.

Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi ṣe akantáǹtì nílé iṣẹ́ kan l'Ékòó tó ń bá àwọn elépo rọ̀bì ṣe. Nínú oṣù Kẹta ni wọ́n kó àwa mọ́kànlá jọ sí yàrá kan, wọ́n pín lẹ́tà fún wa, wọ́n sì gba káàdì ẹnu ọ̀nà lọ́rùn wa. Láti ìgbà yẹn, ohun tí mò ń ṣe pọ̀, àmọ́ kò sí èyí tó lórúkọ nínú wọn. Mo dúró, máìkì ń hú lọ́wọ́ mi. Àbúrò bàbá mi kan ló fò dìde, ó já a gbà: "Ọ̀gá ni nílé iṣẹ́ epo o! Ojú ló ń tì í!" Ilé bú sẹ́rìn-ín. Àtẹ́wọ́ tèmi ló pọ̀ jù lọ́jọ́ náà.

Irọ́ tí Bùọ̀dá pa kọ́ ló ń dùn mí. Ohun tó ń dùn mí ni pé mo wá gbólóhùn kan ṣoṣo tí máa fi ti orúkọ mi lẹ́yìn, mo wá a tì. Èmi, ẹni ọdún mọ́kànlélógójì. Ìdána ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, alága kan náà la sì ti sanwó fún. Tí máìkì bá tún dé, kí ni kí n wí?


Ṣọlá_Alárìíyá
Ọjọ́ Àìkú, 9:58 alẹ́

Àǹtí, ẹ kú ìjókòó o. Kò sí ohun tí Yorùbá ò ní kíkí ẹ̀ lọ́wọ́, ẹni tó jókòó lásán pàápàá, a ń kí i.

Tèmi ni pé kí ẹ gba máìkì, kí ẹ ní, "Àdùkẹ́ lorúkọ mi, mò ń sinmi." Ẹ wá máa wo ojú alága.


Kíà_ní_Leeds
Ọjọ́ Àìkú, 11:20 alẹ́

Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ó ti ṣe mí rí, àmọ́ ìlú òyìnbó ni tèmi ti bá mi.

Ọ̀gá ẹ̀ka ni mí ní báńkì kan n'Ílọrin títí di 2022. Ọdún yẹn, nínú oṣù Kejì, ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣí ọ̀nà físà fún àwọn tó ń tọ́jú arúgbó, èmi, ìyàwó mi àtọmọ méjì sì kó wá. (Láti oṣù Kẹta 2024 ni àwọn tó ń bá iṣẹ́ yìí wá kò ti lè mú aya tàbí ọmọ dání mọ́, nígbà tó sì di oṣù Keje 2025, wọ́n ti ọ̀nà náà pa fún ẹni tó ń ti òkè òkun bọ̀. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run pé a tètè gbéra.) Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí mo bẹ̀rẹ̀, mò ń wọ ìbọ̀sẹ̀ fún bàbá ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún kan. Ó bi mí pé kí ni mò ń ṣe nílé kí n tó wá. Mo nà ró díẹ̀, mo ní ọ̀gá báńkì ni mí. Ó wò mí, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní, "O yí i sódì wọ̀ mí."

Ẹ máa gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn níbí pé iṣẹ́ yàtọ̀, èèyàn yàtọ̀. Òótọ́ ni, àmọ́ ó rọrùn fún ẹni tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ ò sí lọ́wọ́ agbanisíṣẹ́ láti sọ. Físà tiwa, ọrùn ilé iṣẹ́ tó gbà wá ló so rọ̀ sí. Tí wọ́n bá já mi sílẹ̀ lọ́la, ìjọba á kọ̀wé sí mi pé mo ní ọgọ́ta ọjọ́, kí n rí ẹlòmíì tó máa gbà mí tàbí kí n di ẹrù mi. Àwọn ọmọ mi á kúrò nílé ìwé nítorí ìwé kan ṣoṣo tí ọ̀gá mi kọ. Lọ́jọ́ tí mo bá rántí ìyẹn lóru, ẹ má wulẹ̀ sọ fún mi pé èmi kọ́ ni iṣẹ́ mi.

Síbẹ̀ náà, ẹ jẹ́ n sọ eléyìí. Láràárọ̀ Sátidé, kíṣínì wa a máa kún. Àwọn ọmọkùnrin wa tí owó onígbàjámọ̀ ibí ti ń dẹ́rù bà ló ń wá, pẹ̀lú àwọn ọmọ kéékèèké tí òyìnbó ò mọ bí wọ́n ṣe ń gẹ orí wọn. Èmi ni mò ń gẹ̀ ẹ́. Mi ò gba kọ́bọ̀. Nígbà tí mo wà ní poli ni mo kọ́ ọ, báńkì ló jẹ́ kí n pa á tì. Ọdún mọ́kànlá ni mi ò mú kílípà lọ́wọ́ nítorí ó ti kéré lójú mi. Ọmọ kan wà níbẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà, "Bọ̀ọ̀dá Onírun" ló ń pè mí. Tí mo bá pàdé rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, á sáré wá gbé orí rẹ̀ sábẹ́ ọwọ́ mi kí n yẹ̀ ẹ́ wò.


Ìyá_Aláta_Mile12
Ọjọ́ Ajé, 5:05 ìdájí

Ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́ kí a tó jáde. Ẹ kú ọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin ń wá ohun tí wọ́n máa pè yín. Èmi, ó pé ọdún méjìdínlógún tí wọ́n ti ń pè mí ní Ìyá Aláta, mi ò sinmi. Lọ́dún 2021 ara mi ò yá, mo ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ apẹ̀rẹ̀ ráfíà tí wọ́n ń já lọ́wọ́. Àwọn alábàárù àti aládùúgbò ìsọ̀ mi gbé mi dé ọsibítù. Nọ́ọ̀sì ní kí lorúkọ aláìsàn. Wọ́n ń wojú ara wọn. Èèyàn márùn-ún tí a jọ ń jẹun láti ọ̀pọ̀ ọdún wá! "Ìyá Aláta" ni wọ́n kọ sórí káàdì, ọjọ́ kejì ni ọkọ mi dé tó ní kí wọ́n pa á rẹ́.

Mọ́rẹ́nikẹ́ ni mí o. Mo ní kí ọmọ yìí kọ ọ́ dáadáa kí àmì orí rẹ̀ pé.

Mi ò kórìíra ata. Ata ló rán ọmọ mẹ́ta nílé ìwé. Tí tòmátò bá rà sọ́nà láti Kano, inú mi náà a máa rà, àsọdùn kọ́. Ṣùgbọ́n tí mo bá délé, tí mo wẹ̀ tí òórùn ata lọ, mo ní ẹgbẹ́ tí mò ń lọ, mo ní orin tí mò ń lé. Èmi ni mò ń lé orin nínú ẹgbẹ́ wa, tí mi ò bá wá lọ́sẹ̀ kan wọ́n á mọ̀.

Àdùkẹ́, wá iṣẹ́ mìíràn o. Má jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ dídùn ré ọ lọ. Àmọ́ má dúró di ìgbà tó o bá rí i kó o tó rántí orúkọ rẹ.


Ọmọ_Àyàn_Òṣogbo
Ọjọ́ Ajé, 8:31 àárọ̀

Ẹ kú ìròjú gbogbo yín, ní pàtàkì ẹ̀yin Àǹtí tó ni ọ̀rọ̀. Ẹ forí jì mí, mo fẹ́ ta ko yín díẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ti fẹ́ jọ tàwọn tó ń sọ̀rọ̀ ìṣírí lórí YouTube.

Kí ọ́fíìsì tó dé ilẹ̀ wa ni Yorùbá ti ń fi iṣẹ́ mọ èèyàn. Ilé onílù ni mo ti wá: Àyánwálé, Àyándélé, Àyángbadé, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ wa ṣe tò. Ẹ lọ ilé ọdẹ, Ọdẹ́wálé, Ọdẹ́tọ́lá. Ẹ lọ ilé eégún, Ọ̀jẹ́ ló kún ibẹ̀. Kíkí wa gan-an ńkọ́? Ẹni tó ń dirun, "ojú gbooro." Aláró, "àrẹ̀dú." Ọdẹ, "àrìnpa." A kì í kí èèyàn lófìfo. Kí ló wá burú nínú kí alága bi Àǹtí pé kí ni wọ́n ń ṣe? Ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn, mo gbà, àmọ́ kì í ṣe pé ìbéèrè náà burú.


Gbádébọ̀_Agége
Ọjọ́ Ajé, 8:50 àárọ̀

Mo fara mọ́ Ọmọ Àyàn lápá kan. Àǹtí, ẹ má bínú o: nínú ọdún mẹ́rìnlá tí ẹ fi ṣiṣẹ́ yẹn, tí wọ́n bá gbé máìkì fún yín, ṣé ìbéèrè náà rí bákan lára yín? Àbí ẹ máa ń dúró dè é ni?


Alábòójútó
Ọjọ́ Ajé, 9:02 àárọ̀

Mo ti yọ ọ̀rọ̀ ẹni tó ń polówó "iṣẹ́ ìrọ̀rùn láti ilé, $200 lójúmọ́." Ẹni tó bá tún gbé irú ẹ̀ wá, ẹnu ọ̀nà nìyẹn. Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ.


Bàbá_Tíṣà_Ìbàdàn
Ọjọ́ Ajé, 2:15 ọ̀sán

Ọmọ Àyàn, o káre, o mọ ilé. Àmọ́ o fi nǹkan kan sílẹ̀ lójú ọ̀nà, jẹ́ n bá ọ gbé e.

"Ojú gbooro," ìgbà wo là ń kí i? Nígbà tí òòyà bá wà lọ́wọ́ onídìrí ni, tí orí wà láàárín orúnkún rẹ̀. Òun á sì dáhùn pé "òòyà á yà á." Jẹ́ kó kó òòyà sápò kó kọrí sílé, kó o wá kí i ní ojú gbooro níwájú ilé epo, á ní ṣé kò sí. Ọwọ́ là ń kí, ọwọ́ tó wà lẹ́nu ohun tó ń ṣe. Bó bá ti gbọ́wọ́ kúrò, ó di "ẹ kú ọ̀sán, ilé ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́." Ọ̀fà tí wọ́n ń kì, ìjàkadì ni wọ́n fi ń kì wọ́n, ìjàkadì lorò Ọ̀fà. Ta ló ń san owó oṣù fún wọn lórí ìjàkadì? Eré wọn ni. Àti ìwọ náà, Ọmọ Àyàn, mo fẹ́ bi ọ́ ní gbangba: kí lo ń ṣe jẹun?

Ẹ jẹ́ n sọ tèmi fún Àdùkẹ́. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi kọ́ni. Igbákejì ọ̀gá ilé ìwé ni mí nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lọ́dún 2014. Òfin ọdún 2022 tó jẹ́ kí olùkọ́ lè ṣe é dé ogójì ọdún tàbí kó pé ọmọ ọdún márùndínláàádọ́rin, kò bá wa. Oṣù kìíní, mo sùn. Oṣù kejì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìyàwó mi lẹ́nu. Mo ń to ìgò epo rẹ̀ bí ẹni to ọmọ sórí ìlà, mo ń bi í pé kí ló dé tí oúnjẹ ọ̀sán fi kọjá aago kan. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Bàbá, aago ti lù. Ẹ máa lọ sílé." Mo ní ilé wo? Ó ní, "Ibi yòówù kó jẹ́."

Ibi tí mo lọ ni abẹ́ igi ọ̀dán kan ní ìkóríta wa, níbi tí àwọn kan ti ń ta ayò. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń kí wọn níbẹ̀: "Mo kí ọ̀ta, mo kí ọ̀pè." Ẹni tó ń pa èèyàn ni ọ̀ta, ẹni tí wọ́n ń pa ni ọ̀pè. Wọ́n á dáhùn: "Ọ̀ta ń jẹ́, ọ̀pè ò gbọdọ̀ fọhùn." Ìwé ẹ̀rí méjì ló wà lọ́rùn mi, mo ti kọ́ ọmọ ní ìṣirò fún ọdún márùndínlógójì, ọmọ ayò méjìdínláàádọ́ta péré ló wà lójú ọpọ́n, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ihò méjìlá. Mo ní kí ló le níbẹ̀?

Fọ́kánáísà kan ni ọ̀ta ibẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ọpọ́n ni ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ rẹ̀ wà. Èékánná rẹ̀ dúdú kirikiri fún epo. Á máa fẹ́ táyà ọlọ́kadà lọ́wọ́ kan, á na ọwọ́ kejì sínú ihò, á gbá ọmọ ayò mọ́ àtẹ́lẹwọ́, kò ní kà á, ìwúwo rẹ̀ ló fi ń mọ iye rẹ̀. Á fọ́n wọn yíká, táá-táá-táá, á kó méjì, á kó mẹ́ta, á padà sídìí táyà. Èmi ṣì ń ṣírò. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi jẹ́ ọ̀pè. Wọ́n kí mi báyẹn lójoojúmọ́, mi ò gbọdọ̀ fọhùn.

Ọkùnrin kan wá bá wa lẹ́yìn náà, ẹni tó ti dé ipò Pámánẹ́ńtì Sẹ́kítírì kó tó fẹ̀yìn tì. Ó fẹ́ ká máa fi oyè yẹn pe òun. Fọ́kánáísà sún bẹ́ńṣì fún un, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kò sí pámánẹ́ńtì níbí. Ẹ jókòó, ẹ ta."

Mi ò purọ́ fún yín: owó ìfẹ̀yìntì mi ń wọlé, ìyẹn ló jẹ́ kí n ráyè jókòó. Ọmọ yìí tí iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, kò lè fi ayò san owó ilé. Àmọ́ ọ̀rọ̀ máìkì rẹ̀ yàtọ̀. Níbi ìdána, wọn ò wá gbà ọ́ síṣẹ́. Ìyàwó ni wọ́n wá fẹ́. Kí lo jẹ́ sí ìyàwó? Ìyẹn ni kó o sọ.


Ọmọ_Àyàn_Òṣogbo
Ọjọ́ Ajé, 3:40 ọ̀sán

Bàbá, ẹ pa mí lẹ́rìn-ín níwájú oníbàárà. Ẹ̀rọ amúlétutù ni mò ń tún ṣe, sà. Tí mo bá gbé gángan kọ́ apá, àwọn ọmọ ilé wa á sọ fún mi pé kí n rọra gbé e kalẹ̀.

Mo gba ìdajì. Àyàn ti di ilé tí mo ti wá, kì í ṣe ohun tí mò ń ṣe mọ́, wọ́n sì ń fi kì mí bí mi ò tiẹ̀ mọ ọ̀pá ìlù mú. Ìdajì tó kù, mi ò gbà. Bí bàbá bàbá mi ò bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ lu nǹkan kan kó dún, kí ni wọn ì bá máa fi kì mí lónìí? Ẹnì kan ló ṣiṣẹ́ ọ̀hún.


Akin_1968
Ọjọ́ Ajé, 9:12 alẹ́

Ẹ̀yin Àǹtí, mo ti rin ọ̀nà yìí ṣíwájú yín. Ní 2004 ni Soludo tó jẹ́ gómìnà báńkì àpapọ̀ kéde pé kí báńkì kọ̀ọ̀kan ní bílíọ̀nù 25 náírà ó kéré tán. Báńkì 89 ló wà nígbà náà. Nígbà tí 2005 fi máa parí, wọ́n ti di 25. Èyí tí èmi wà nínú rẹ̀ ò sí lára wọn.

Ohun tó kù lọ́wọ́ mi ni káàdì ìdánimọ̀ kékeré tí a máa ń pín fún èèyàn, èyí tí wọ́n fi wúrà tẹ orúkọ mi sí. Páálí kan gbáko, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ ẹ́ ni. Mi ò lè jù ú nù, mi ò sì lè pín in. Ó wà nínú dúrọ́ọ̀. Lọ́jọ́ kan mo rí ọ̀kan lórí fíríìjì, ìyàwó mi ti kọ nǹkan sẹ́yìn rẹ̀: "rodo, ẹja kíkà, Omo, gáàrì." Inú mi ru. Mo bá ojú ibi tó kọ orúkọ mi sí lọ, ó wà níbẹ̀, "Igbákejì Ọ̀gá Àgbà," lẹ́yìn gáàrì. Mi ò mọ̀gbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó tó ọdún méjì tí a fi ń fi káàdì yẹn lọ ọjà kó tó tán.

Èèyàn kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ wo Ògúndé, ọlọ́pàá ni kó tó dá ẹgbẹ́ òṣèré sílẹ̀. Bàbá Sàlá ṣe wolé-wolé rí. Ta ló ń rántí ìyẹn?


Ṣọlá_Alárìíyá
Ọjọ́ Ajé, 9:20 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n Akin, ẹ wò ó dáadáa. Ẹ ní èèyàn kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ẹ wá fi àwọn tó kúrò nínú iṣẹ́ kan bọ́ sí òmíràn tó lókìkí jù ú lọ ṣe ẹ̀rí. Òṣèré náà, iṣẹ́ ni o. Ká ní Ògúndé kúrò ní ọlọ́pàá tó sì lọ jókòó sílé, ṣé ẹ máa dárúkọ rẹ̀ lálẹ́ yìí?


Akin_1968
Ọjọ́ Ajé, 9:31 alẹ́

O mú mi. Mo kó ọ̀rọ̀ Ògúndé kúrò. Ẹ jẹ́ káàdì dúró.


Àdùkẹ́_Ìjẹ̀bú
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:05 alẹ́

Mo ti ń ka gbogbo yín láti àná. Ẹ ṣeun gan-an.

Gbádébọ̀, ìbéèrè rẹ kò jẹ́ kí n sùn. Òótọ́ ni, mo máa ń dúró dè é. Nígbà tí wọ́n bá ti bi mí, ẹ̀yìn mi a nà gbọnran. Lẹ́yìn tí mo ka ọ̀rọ̀ Ìyá Aláta, ẹ má bínú mà, ọ̀rọ̀ Ìyá Mọ́rẹ́nikẹ́, mo ṣí fóònù mi, mo wo orúkọ àwọn èèyàn inú ẹ̀. Pọ́ńbà Àgídíńgbí. Sunday Jẹnẹrétọ̀. Ìyá Alágbàfọ̀. Télọ̀ Òjodú. Káfíńtà Tuntun, ẹni tó ti ń bá mi ṣe nǹkan láti 2017! Mo ka mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kó tó sú mi. Èmi tí mò ń sunkún pé wọn ò rí èmi, iṣẹ́ mi ni wọ́n ń rí.

Mo pe pọ́ńbà. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kí lorúkọ yín gan-an?" Ó dákẹ́. Ó ní, "Madam, ṣé wọ́n jí nǹkan ni?" Ó gbà mí tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí n tó lè fi yé e pé kò sí ọlọ́pàá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó wá sọ ọ́ fún mi. Mo bi í pé kí ló fi orúkọ mi pamọ́ sí lórí fóònù tiẹ̀. Ó ní "Madam Wáyà Ọ̀fẹ́," nítorí mo fún un ní wáyà tó ṣẹ́kù nígbà tí mo kọ́ bọ́ìsì kọ́tà. Mi ò rántí rárá.


Kíà_ní_Leeds
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11:47 alẹ́

Wáyà Ọ̀fẹ́! Mo fẹ́ kí wọ́n fi ìyẹn sórí físà tèmi.


Gbádébọ̀_Agége
Ọjọ́ Rú, 7:15 àárọ̀

Àǹtí, mi ò ní ká máa bá ara wa fa ọ̀rọ̀ o, àmọ́ ẹ ṣeun tí ẹ ò bínú. Èmi náà ti yẹ tèmi wò. "Landlord Burúkú" wà níbẹ̀. Ìyẹn kò ní yí padà.


Àdùkẹ́_Ìjẹ̀bú
Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà, ọjọ́ Àìkú, 8:20 alẹ́

Mo ti padà dé. Àná la ṣe ìdána.

Mi ò ríṣẹ́ o, kí ẹ má rò pé mò ń bọ̀ wá jẹ́rìí. Mo ti lọ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò mẹ́ta, méjì ò pè mí padà, ẹ̀kẹta ní àwọn ń wá ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ ò tó báyìí.

Alága dé pẹ̀lú gèlè tó ga bí àjà. Máìkì gbéra, ẹnjiníà, nọ́ọ̀sì, apòògùn Dublin, agbẹjọ́rò ọ̀la. Mo rí Bùọ̀dá tó ti ń mú ìjókòó rẹ̀ wá síwájú díẹ̀díẹ̀, ó ti na ọwọ́ sílẹ̀ de máìkì. Mo gbà á kó tó débẹ̀.

Mo ní: "Àdùkẹ́ lorúkọ mi. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó ni mí. Èmi ni mo kọ́ ọ ní kẹ̀kẹ́ gígùn ní òpópónà ilé wa nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ. Mo ní mò ń dì í mú lẹ́yìn, mi ò dì í mú. Àpá rẹ̀ wà lórúnkún rẹ̀ ọ̀tún títí dòní, ẹ̀yin àna wa, ẹ bá mi máa tọ́jú orúnkún náà. Akantáǹtì ni mo ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Wọ́n dá wa dúró nínú oṣù Kẹta, mò ń wá òmíràn."

Ilé dákẹ́ bí ìgbà tí iná lọ. Àbúrò mi dìde nínú ìbòjú rẹ̀, ó gbé ìró aṣọ òkè rẹ̀ sókè, ó na orúnkún síta, ó ní, "Ẹ wò ó! Òun ni! Ó ní òun ń dì mí mú!" Àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ figbe ta. Alága sáré wá bo orúnkún mọ́lẹ̀, ó ní ìyàwó ti fi ẹsẹ̀ han àna kí owó orí tó pé, ìtanràn rẹ̀ ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà, ó sì di dandan kí ẹbí ìyàwó san án kí ètò tó lè tẹ̀ síwájú.

Nídìí oúnjẹ, ìyá àgbà kan láti ọ̀dọ̀ ọkọ fa ọwọ́ mi. Ó ní ìwé owó oko adìyẹ òun ti dàrú láti ọdún méjì sẹ́yìn, ọmọ òun tó ń bá òun kọ ọ́ ti lọ Kánádà, ṣé mo lè wá wò ó. Mo máa lọ lọ́jọ́ Rú. A ò tíì sọ ti owó. Ó ti ń pè mí ní "Ìyá Kẹ̀kẹ́."


Bàbá_Tíṣà_Ìbàdàn
Ọjọ́ Àìkú, 8:52 alẹ́

Àdùkẹ́, o káre láé. Mo kí ọ̀ta.

Ta ló wá san ẹgbẹ̀rún márùn-ún náà?


Àdùkẹ́_Ìjẹ̀bú
Ọjọ́ Àìkú, 8:55 alẹ́

Bùọ̀dá ni, sà.